Wáyà Tí Kò Mọ Ojú Olè

Ní ọdún kẹta tí ìjọba alágbádá gba ilẹ̀ yìí padà lọ́wọ́ àwọn ológun, ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, ni Alàgbà Ọláníran rí ohun tí kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

Ayé ìgbà náà le. Àwọn adigunjalè a máa kọ lẹ́tà ṣáájú kí wọ́n tó wọ àdúgbò. Festac ní Èkó, tí wọ́n kọ́ fún àlejò àjọ̀dún àṣà, tí òdòdó nìkan pààlà láàárín ilé àti ilé, ti di ìlú odi àti géètì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè gba orí odi wọ ilé Alàgbà, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí kò sì tíì fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun onísítáàṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ni ó bá na wáyà mẹ́ta sórí odi náà, ó fà wọ́n mọ́ iná ọba. Alẹ́ ni ó ń tan swíìṣì rẹ̀. Bí ó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, yóò pa á.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni iná ti lọ. Bí iná bá pẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, ta ni í rántí swíìṣì tí ó wà ní títàn?

Rùkáyátù, aya Alájì Bádrù tí ó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní ọjà Trade Fair, jáde láti ilé kejì pẹ̀lú abọ́ aṣọ tútù.

"Màmá Ìmísí, mo tún ti dé ìdí okùn aṣọ yín o!"

"Ìyàwó Alájì, ẹ sá wọn jàre," Beatrice aya Alàgbà dáhùn láti ojú fèrèsé. "Kò kúkú síná."

Rùkáyátù na jalabíà funfun ọkọ rẹ̀ sórí wáyà. Ó ń tẹ́ etí rẹ̀ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọdé òpópónà pariwo, "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Ariwo náà kò tíì parí tí igbe mìíràn fi bò ó mọ́lẹ̀.

Alàgbà sáré pa swíìṣì. Obìnrin náà ti ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti dúdú. Bádrù gbé e sínú ọkọ̀, ó gba ilé ìwòsàn lọ.

Gbádégẹṣin, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, dé pẹ̀lú ẹ̀mú ní ọwọ́. "Bàbá, ẹ má dúró bí ẹni rí iwin. Ẹ gé e kúrò! Bí ọlọ́pàá bá dé, a ó ní wáyà òpó ló já lù ú."

"Bàbá Ìmísí, ẹ gbọ́ tiẹ̀," Beatrice ń sunkún.

Alàgbà gba ẹ̀mú. Ó lọ sí ìdí odi, ó padà. Ó tún lọ, ó tún padà. Jalabíà ṣì ń fì lórí wáyà, omi ń kán lára rẹ̀, oòrùn sì mọ́lẹ̀ kedere lórí rẹ̀. Oòrùn yẹn ni ó mú un. Ṣé Mósè kọ́ ni ó sọ pé bí wọ́n bá pa olè lóru, onílé kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là bá a, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn onílé? Olè ni Mósè sì ń sọ o. Rùkáyátù kì í ṣe olè.

Ó ju ẹ̀mú sílẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, òun fúnra rẹ̀ ni ó nàka sí wáyà.

Ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n ti gba béèlì Alàgbà, Bádrù wá bá a nílé. "Bàbá Ìmísí, sùyà lẹ fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe ni?"

"Bádrù, mo jẹ̀bi. Mò ń gbàdúrà fún un."

"Ẹ̀bi àti àdúrà, èwo nínú wọn ló máa na ìka rẹ̀?"

Ní kóòtù, lọ́yà rẹ̀ ní, "Olúwa mi, olè ni wáyà náà wà fún."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ni ó júwe olè fún wáyà?"

Lọ́yà jókòó.

"Òfin gbà kí ènìyàn ṣọ́ ilé rẹ̀," adájọ́ ní. "Nínú ilé, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí tí yóò fi yọ, ó tilẹ̀ fàyè díẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dẹ pàkúté ikú síta lọ́sàn-án ti ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ olè ni ó mú."

Lójú Alàgbà, ó dà bí ẹni pé Mósè ni ó jókòó lórí àga náà. Oṣù mẹ́ta ni ó lò lẹ́wọ̀n.

Nígbà tí ó dé, kò tíì jẹun tí ó fi gbé òòlù. Ọjọ́ méjì ni ó fi wó odi náà, títí tí ilé méjèèjì fi tún rí ara wọn bí ìgbà tí wọ́n kọ́ wọn fún àlejò. Ó so okùn rọ́bà kan láàárín wọn. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni ó ń fún aṣọ, tí ó ń sá aṣọ, nítorí ìka Rùkáyátù kò nà mọ́.

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," obìnrin náà a máa rẹ́rìn-ín. "Aṣọ abẹ́ ni!"

Ṣùgbọ́n kí ó tó sá ohunkóhun, kò ní jẹ́ kí obìnrin náà sún mọ́ ọn. Yóò kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ gbá okùn náà mú, yóò di ojú, yóò dì í mú pẹ́, títí Rùkáyátù yóò fi sọ pé:

"Ó tó, Bàbá. Rọ́bà ni."