Ojú Ewé Tí Tísà Ò Kọ

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà débi pé ètè gbogbo ará Ìkòsì là, ṣùgbọ́n ojú ewé kan nínú ìwé tí Ajarat ń kà fún ìyá rẹ̀ tutù. Kì í ṣe gbogbo ìwé náà o. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, ó sì ń rùn bí ẹnu kànga tí ewédò ti hù sí. Ajarat fi etí ìró nù ún, ó ní bóyá ẹni tó tà á fún òun ló da omi sí i.

Ìwé wo? Ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn kà láti Kétu dé Alápẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976 yẹn ni. Kànga Mọ́sáláásí lorúkọ rẹ̀, Tísà Mọ́nsúrù ló kọ ọ́. Ìtàn ládàánì kan ni, ẹni tó ń pe ìrun, tí wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú kànga àlùwàlá ní àsùbá, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ẹni tó pa á títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ta ló wá pa á? Ìyàwó rẹ̀ ni. Tísà kọ ọ́ síwájú ìwé pé àròsọ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ẹni tó bá létí kó gbọ́. Ẹ ò rí ìkà ọmọ aráyé! Ládàánì kan ṣoṣo ló kú sínú kànga ní Ìkòsì. Gafar ni, ó ti tó ọdún márùn-ún. Suwebat, ìyá Ajarat, lopó tó fi sílẹ̀.

Láti ìgbà tí ìwé náà ti jáde, àwọn tí Suwebat ń rán fìlà fún ò yà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn ún. Èyí tó dùn ún wọ egungun ni ti àwọn àna ọmọ rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀. Oṣù kan ló kù kí wọ́n so yìgì Ajarat tí wọ́n ránṣẹ́ pé kí àwọn ṣì dúró ná, pé àwọn ò lè fẹ́ ọmọ ẹni tó pa ọkọ. Suwebat ò mọ̀wé. Ó ní kí Ajarat lọ ra ìwé náà wá kó kà á sóun létí, kóun mọ ibi tírọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ajarat ń kà, ìyá rẹ̀ ń rán fìlà lọ, ó ń dá a lóhùn. Ìwé ní ìyàwó ládàánì wọ aṣọ pupa. Suwebat ní irọ́, òun ò ní aṣọ pupa rí láyé òun. Ìwé ní inú ilé ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní irọ́ gbuu, Mende lòun sùn, òun ń bá àbúrò òun wẹ ọmọ tuntun. Ìwé ní kò sunkún. Ibẹ̀ ló ti fi eyín já òwú kó tó sọ pé irọ́ ni.

Wọ́n wá dé ojú ewé tó tutù yẹn. Ajarat kà á pé òkú náà di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pa, pé nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà kan níbẹ̀, aláwọ̀ oyin, ó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Suwebat ò sọ pé irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́, kò mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ ọkọ rẹ̀, torí ẹ̀sìn gbà fún aya bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé omi wá, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló dúró sí. Kò sẹ́ni tó rí ìlẹ̀kẹ̀ náà àfi òun àti Ọlọ́run. Tẹ̀súbáà Gafar dúdú, kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ohun tí ẹni tó wẹ òkú bá rí lára òkú, kò gbọdọ̀ tú u síta, àṣírí òkú ni. Ó di í sí igun aṣọ, ó fi í sísàlẹ̀ àpótí, ó sì pa ẹnu mọ́ fún ọdún márùn-ún. Ó rò pé ọkọ òun lòun ń bo àṣírí fún. Áà, kò mọ̀ pé apànìyàn lòun ń bò!

Báwo wá ni Tísà ṣe mọ̀?

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó mú ọmọ rẹ̀, ó di ilé Tísà ní Kétu. Tísà bu omi fún wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, Ìyá Ajarat, ẹ má bínú, àròsọ ni. Suwebat ní òun ò wá bínú. Ó ní kó sáà ka ibi ìlẹ̀kẹ̀ yẹn fún òun.

"Ìlẹ̀kẹ̀ wo?" ni Tísà wí.

Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kankan nínú ìwé tirẹ̀. Ó ṣí i fún wọn, ó ka ojú ewé náà, ọ̀rọ̀ pósí àti sàárà ló wà níbẹ̀. Ó lọ mú ìwé ìkọ̀wé tó fi ọwọ́ kọ ìtàn náà sí, kò sí níbẹ̀ náà. Ajarat bá ṣí tirẹ̀, ó kà á. Kí ó tó kà á tán, omi ti ń kán láti etí ìwé sórí ẹní. Tísà gba ìwé náà, ó wò ó, ó gbé ìka rẹ̀ tó tutù sí imú. Ó ju ìwé náà sílẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo kọ èyí," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo bẹ̀ yín, èmi kọ́."

Suwebat tú igun ìró rẹ̀, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sórí àtẹ́lẹwọ́. Tẹ̀súbáà kan rọ̀ sí ara ògiri lókè orí Tísà, gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ oyin, àyàfi ọ̀kan tí wọ́n fi funfun dípò rẹ̀.

Tísà kúnlẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ fẹ́ Suwebat kí bàbá rẹ̀ tó fi í fún Gafar. Ó ní lásùbá ọjọ́ náà, Gafar bá òun lẹ́yìn fèrèsé ilé rẹ̀ níbi tóun ti ń yọjú wá Suwebat, òun ò mọ̀ pé Mende ló sùn. Gafar ní òun á fẹjọ́ Tísà sun ìmáàmù, wọ́n sì jọ ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ títí dé ẹnu kànga. Ó ní òun tì í, ó di tẹ̀súbáà òun mú bó ti ń ṣubú, ó sì já. Ó ní láti ìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ lójoojúmọ́, òun a máa gbọ́ ikọ́ Gafar, ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó pe ìrun.

"Mo rò pé bí mo bá kọ ọ́ sí ẹ lọ́rùn," ó wí, "á kúrò lọ́rùn mi."

Kódà, ó fẹ́ kí Suwebat foríjì òun, torí ẹni tó ni òkú lẹ́tọ̀ọ́ láti foríjì apànìyàn. Suwebat ní kó wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, lẹ́yìn náà, kó wá bẹ òun.

Ó sì wá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ní mọ́sáláásí Ìkòsì, ó dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò bu ẹyọ kan kù. Àwọn àna láti Alápẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n tẹrí ba. Inú Suwebat dùn, ẹ má tan ara yín jẹ, ó dùn dé ẹ̀yìn. Ìmáàmù rán ènìyàn lọ pe ọlọ́pàá. Àwọn ọkùnrin bá bọ́ síta lọ dúró dè wọ́n lẹ́bàá títì. Wọ́n ní kí Tísà jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, kó má lọ síbì kan. Bẹ́ǹṣì náà wà lórí kànga àtijọ́. Lọ́dún tí Gafar kú ni wọ́n ti da yanrìn dí i pa.

Suwebat jókòó sí gbàgede àwọn obìnrin, kò ju ẹsẹ̀ bàtà ogún lọ sí ibẹ̀. Tísà yí ojú sí i.

"Suwebat, foríjì mí. Wí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Mi ò foríjì ẹ́," ni Suwebat wí. "Kì í ṣe láyé níbí, kì í sì í ṣe lọ́run."

Bó ti wí i tán ló gbọ́ ikọ́ kékeré kan. Ó mọ̀ ọ́n. Ó bá a sùn lórí ẹní kan fún ọdún mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ omi lábẹ́ yanrìn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa korobá sókè. Ó yí ojú padà sí ògiri. Ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀. Ó tún pè é. Ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ti wà nínú ohùn náà.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin padà dé, Tísà ti kú lórí yanrìn gbígbẹ, omi ń jáde ní imú rẹ̀, ewédò wà láàárín eyín rẹ̀, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún pa. Kò sẹ́ni tó lè tú u. Suwebat fọwọ́ kan igun ìró rẹ̀ tó di ìlẹ̀kẹ̀ sí. Kókó rẹ̀ ṣì le dáadáa, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Wọ́n so yìgì Ajarat, ó sì dùn. Nígbà tí ọmọ náà ń di ẹrù rẹ̀ kó lọ sí ilé ọkọ, ó ṣí ìwé yẹn, ó ní ojú ewé ìlẹ̀kẹ̀ ti gbẹ o, ṣùgbọ́n òmíràn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀. Suwebat ní kó kà á.

Ajarat kà á pé obìnrin kan jókòó ní gbàgede, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì yí ojú sí ògiri. Ó kà á pé ká ní ó ké sí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́bàá títì, wọn ì bá bá ẹni tó ń pè é láàyè. Ó kà á pé obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ojú sókè. "Màámi, irọ́ lèyí náà, àbí?"

Láti ojú ewé kìíní ni Suwebat ti ń wí pé irọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó la ẹnu. Ikọ́ kékeré kan ló jáde, kò sì jọ tirẹ̀.