Ìdí Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Onni

Corbin ti mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kí Arlo tó bọ́ bàtà rẹ̀ tán.

"Ọ̀gá ọdẹ ti dé," ó ní. "Ó yìnbọn, igi ló kú. Kẹ̀yìn sí wa, jàre."

Wade rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé mítì páì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìbọn kan tó dún nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Arlo sì ti sọ lẹ́nu ọ̀nà pé àgbọ̀nrín lòun rí, ṣùgbọ́n òun tàsé. Ní àgọ́ ọdẹ yìí, ẹni tó bá tàsé, wọn á gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn á kàn án mọ́ ògiri lókè ààrò, wọn á sì kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ògiri náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Ṣẹ́ẹ̀tì pupa onírun àgùntàn tí Arlo wọ̀, ti Bàbá Onni ni, bàbá tó bí ìyá rẹ̀, tó kú kí òtútù ọdún náà tó dé. Bàbá Reino, ọ̀rẹ́ olóògbé náà, tó ni àgọ́, wo aṣọ náà pẹ́.

"Onni wọ èyí títí ó fi darúgbó, sísọ́ọ̀sì ò kàn án rí," ó ní. "Ṣé ó dá ọ lójú pé o tàsé?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Irọ́ ni. Arlo ti rí ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín. Ó tẹ̀ lé e dé etí irà, níbi tí àwọn igi kédárì ti ṣú dùdù, tí omi sì ń dún lábẹ́ yìnyín tí kò tíì le. Ẹ̀rù bà á. Ó tún mọ òfin àgọ́: bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ẹran léṣe, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó ti oúnjẹ àfi bí wọ́n bá rí i. Ó ro ti ààrò àti ti páì gbígbóná, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀, ó sì yí padà. Kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ sàn ju òtútù lọ.

Sísọ́ọ̀sì gé aṣọ náà. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri, wọ́n sì ta káàdì títí oorun fi ń kùn wọ́n.

Oorun ò kun Arlo. Orí bẹ́ẹ̀dì òkè, nínú méjì tí wọ́n tò léra, ló sùn sí. Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Onni ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sùn sí láti ìgbà tó ti kú. Ibẹ̀ ni Arlo ti gbọ́ èémí kan. Ó wúwo, ó ń há, ó tún ń fà jáde, bí ti ẹni tí àyà ń dùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bàbá Onni ṣe ń mí lórí àìsàn tó pa á.

Arlo dá èémí tirẹ̀ dúró. Èkejì ò dúró. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, kúbùsù tútù nìkan ló bà. Lókè ààrò, ooru gbé aṣọ pupa náà sókè, ó jẹ́ kó wálẹ̀, ó tún gbé e sókè, àfi bíi pé òun náà ń mí.

Nígbà tó yá, èémí náà dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló lé Arlo sọ̀kalẹ̀. Ó lọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì Bàbá Reino.

"Bàbá, mi ò tàsé."

Bàbá náà ò pariwo. Ó dìde jókòó, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. "O rí ẹ̀jẹ̀?"

"Mo rí i."

"Jí àwọn tó kù."

Wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì. Irà ni wọ́n fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn ò débẹ̀. Ẹ̀yìn àgọ́ gan-an, láàárín ìtí igi ìdáná àti ògiri tí bẹ́ẹ̀dì Arlo fi ara tì, ni tọ́ọ̀ṣì Corbin ti tàn sí àgbọ̀nrín náà. Ó ti sá fún irà, ó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti dé. Ó ká ẹsẹ̀ mọ́ abẹ́, yìnyín sì ti yọ́ yí i ká.

Bàbá Reino bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀.

"Ó ṣì gbóná," ó ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni."

Corbin yíjú sí Arlo. "A ń ta káàdì, o sì mọ̀."

Arlo wo ògiri náà. Pákó kan péré ló wà láàárín òun àti ohun tó ń jẹ̀rora náà. Ká ní ó ti sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ ni, wọn ì bá ti rí i, ìyà rẹ̀ ì bá sì ti tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Wade fẹ́ yọ aṣọ náà lára ògiri. Ó ní ẹni tí kò tàsé ò yẹ níbẹ̀. Arlo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Reino na pẹ́ńsù sí Arlo. Arlo kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ ara rẹ̀: "Ó bà á, ó sì fi í sílẹ̀."

Aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọdẹ bá bi Arlo pé kí ló dé tí tirẹ̀ fi yàtọ̀, kì í fi pa mọ́. Á sọ fún wọn pé òun sá fún òtútù díẹ̀, ẹlòmíì ló sì fi gbogbo òru san án. Á ní bí wọ́n bá ti ṣe àṣìṣe, kí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, tí ó ṣì ṣeé tún ṣe.