Àyè Tí Ológbò Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá wù ú, kó pè mí ní òpùrọ́. Saeed tó ń ṣọ́ géètì ẹ́sítéètì wa ní Lokogoma ṣì wà láàyè, kì í sì í mutí. Ẹ lọ bi í.

Bàbá mi ló ni ajá náà. Ọdún tí ìyá mi kú ni mo mú Bàbá wá láti Kàbbà sọ́dọ̀ mi. Ó ra ọmọ ajá kan, ó sọ ọ́ ní Dúródèmí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Yorùbá a máa fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wí. Ti Bàbá kì í ṣe ti aládùúgbò. Ìyá mi ló fi ń bá sọ̀rọ̀.

Ajá yìí kò ka ẹnikẹ́ni sí lẹ́yìn Bàbá. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí òjò kún gọ́tà, ó fi ẹnu gbé ọmọ ológbò kan wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní rẹ̀, ó ń lá a. Mo ń retí kó pa á jẹ. Kò pa á.

"Ó ti gbéyàwó wálé," ni Bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí ológbò ṣe di Ìyàwó nìyẹn. Abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, Ìyàwó ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Mo máa ń fi wọ́n yangàn fún àlejò.

Nígbà tó yá, ìrántí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Bàbá sílẹ̀. Orúkọ ìyá mi ló fi ń pè mí. Ohun kan ṣoṣo ló ń já mi láyà: pé yóò jáde lọ, kò sì ní mọ̀nà ilé mọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kó máa nasẹ̀ nírọ̀lẹ́, n kò sì lè ti àgbàlagbà mọ́lé bí adìyẹ. Ajá ló kó mi yọ. Bí oòrùn bá ti rọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jáde: Ìyàwó létí gọ́tà, ajá láàárín, Bàbá lápá ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Saeed á gbé irin géètì sókè. Bàbá ti kọ́ ọ ní ìkíni ìlú wa.

"Okun o, Baba," ni Saeed á wí. Kò kí ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n á rìn dé ìdí máńgòrò, wọ́n á padà. Ajá kì í jẹ́ kó ṣìnà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mọ́tò pa Dúródèmí. A sin ín sẹ́yìn ilé. Mo sunkún rẹ̀, mo sunkún ara mi pẹ̀lú, torí n kò mọ ẹni tí yóò máa mú Bàbá wálé.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, Bàbá ti jáde. Mo sáré dé géètì. Mo rí i nínú eruku ọyẹ́, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ìyàwó wà létí gọ́tà. Bàbá wà lápá ọ̀tún. Àyè ajá kan wà láàárín wọn. Títì fẹ̀, ó sì ṣófo, ṣùgbọ́n ológbò yẹn rọra ń tẹ etí gọ́tà, kò bọ́ sínú àyè náà rárá.

"Bàbá, ta ló mú yín wálé?"

"Ajá ni."

"Ajá ti kú, Bàbá."

Ó wò mí bí ọmọ tó ń purọ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

A délé. Mo gbé oúnjẹ fún Ìyàwó. Ó jẹ ìdajì, ó sún sẹ́yìn, ó jókòó, ó ń wo abọ́. Mo wọlé. Mo gbọ́ tí abọ́ ń ha ilẹ̀ lọ, ha ilẹ̀ bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ajá bá ń lá a. Ìgbà tí mo jáde, abọ́ ti mọ́ tónítóní. Ìyàwó ṣì wà níbi tó jókòó sí.

Ẹ̀rù bà mí, mo sì dúpẹ́. Bàbá ń jáde, Bàbá ń wọlé. Ẹnu mi kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Bàbá sùn lẹ́yìn oúnjẹ, kò jí mọ́. Mo pa ojú rẹ̀ dé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Kubwa, mo sì jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A kò tíì sọ fún ẹlòmíràn.

Oòrùn rọ̀. Ìyàwó dìde lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń dúró. Ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀pá Bàbá fara ti ògiri.

Mo ṣílẹ̀kùn.

Mo tẹ̀ lé e lókèèrè. Ó ń tẹ etí gọ́tà, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá arúgbó rìn. Ó dé géètì. Saeed gbé irin sókè.

"Okun o, Baba."

Ó wá rí mi. "Kai, Àńtí, ara Baba ti le o. Kò mú ọ̀pá lónìí."

Ìyàwó ń lọ síbi máńgòrò.

"Ṣé kí n sọ irin kalẹ̀?"

"Fi sílẹ̀," ni mo wí.

A dúró. Kò sí atẹ́gùn. Ìmọ́lẹ̀ ń kúrò lójú ọ̀run nígbà tí Ìyàwó padà. Kò gba etí gọ́tà mọ́. Àárín títì gan-an ló gbà bọ̀.

Saeed wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin.

"Baba ńkọ́?" ó bi mí.