Dẹ́rẹ́bà Tó Gbé Wa ní Agra

Dẹ́rẹ́bà náà kò bi wá léèrè ibi tí à ń lọ. Ó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi, ó fọwọ́ pa á lórí, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì gbéra. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí ní Agra ló bá wa wá ọkọ̀, mo bá ní bóyá wọ́n ti sọ fún un.

Ọdún 1981 ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà lọ́jà Sábọ́n Gàrí, ní Kano, Jaipur ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta ìlẹ̀kẹ̀, ni mò ń lọ. Nurat, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló fi ẹkún dè mí mọ́lẹ̀ pé òun máa bá mi lọ. Fíìmù Íńdíà tí wọ́n ń ṣe ní sinimá àdúgbò wa ti kó sí i lórí. Bàbá rẹ̀, onílọ́rì, ti kú lójú ọ̀nà Zaria. Òun nìkan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi. Bí nǹkan bá ṣe é, tèmi bá mi.

Kùrukùru bo oko lọ́tùn-ún lósì, ó nípọn ju ọyẹ́ Kano lọ. Ràkúnmí ń yọ nínú rẹ̀ bíi ti ilé gan-an. Dẹ́rẹ́bà fi aṣọ òtútù we orí, ó we ojú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan pa ẹ̀pà, ó ń nà án sẹ́yìn fún Nurat láìbojúwẹ̀yìn.

Bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe nínú lọ́rì nìyẹn. Mo wo ọwọ́ náà: ọmọńdinrín ti ká sínú, gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ mi tí ilẹ̀kùn lọ́rì há ní Hotoro, ní Kano, lójú mi kòrókòró.

"Mama, Baba ne," Nurat wí ní Hausa, bó ṣe máa ń fèsì fún mi. Bàbá ni, ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Jókòó jẹ́ẹ́!"

Ta ló ń gbọ́? Ó ti gorí ìjókòó kọjá síwájú, ó gbórí lé e léjìká. Ọkọ̀ yà kúrò lórí títì, ó kọrí sínú oko olódòdó tó pọ́n bí ìyeyè. Mo nawọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ó tutù bí omi inú àmù.

Yéè, mo gbé! Àwọn àgbà ní àkúdàáyà kì í dúró bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi títí tí a fi sin ín, orúkọ rẹ̀ kò kan ahọ́n mi rí. Èyí tó mọ́ mi lẹ́nu ló jáde.

"Bàbá Nurat, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo ń gbọ́, Ìyá Nurat," ló dáhùn, jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tún sáré sí i.

Orí mi wú. Orúkọ ọmọ ni mo fi pè é. Ẹnu ara mi ni mo fi fa ọmọ lé e lọ́wọ́! Nurat ti ń pajú dé. Mo gbé ìtìjú jù sígbó.

"Ọ̀ṣẹ́nì!" Mo ké bí wèrè. "Ọ̀ṣẹ́nì Àjàní! Fi ọmọ mi sílẹ̀!"

Ó yíjú. Aṣọ ojú rẹ̀ já bọ́. Kò bínú o. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí wọ́n lù láìṣẹ̀. Mo ṣẹ́jú báyìí, aṣọ lásán ló kù lórí ìjókòó.

Ọkọ̀ dúró gbọ̀ngà. Mo gbé ọmọ mi bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ti ń gbóná padà. Iwájú táyà gan-an ni ilẹ̀ ti là: kànga àtijọ́ ńlá kan, àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ ń sọ̀ lọ sínú òkùnkùn.

"Alhamdulillahi," mo ní. "Ibẹ̀ ló fẹ́ gbé ọ lọ."

Mo wá bojú wẹ̀yìn wo inú ọkọ̀. Wọ́n ti fa bíréèkì ọwọ́ dé òkè pátápátá. Ọwọ́ mi kò débẹ̀.

"Bàbá ló fà á," Nurat ní. "Bí ẹ ṣe pè é, ó fà á, ó wá lọ."

Bí ó bá tún wá lónìí, màá tún lé e, nítorí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹkún tí mo sun létí kànga yẹn, n kò sun ún lọ́jọ́ tí a sin ín.