Ta Ló Ni Bàbá Yìí?

Àga gígùn inú pálọ̀ ló kọ́kọ́ sọnù. Káfíńtà ti ibi iṣẹ́ dé, ó fẹ́ fìdí lé e bó ṣe máa ń ṣe, ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀. Kó tó dìde, Bàbá Àgbà ti ń pariwo olè láti inú yàrá. Ó fapá jánú, ó ní àdúgbò yìí ti bàjẹ́, ó ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá kíákíá. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ta àga náà lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ìyàwó Káfíńtà lọ sọ́jà.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni bàbá yìí yọ sí wọn pẹ̀lú àpò kan àti ọ̀pá ìtilẹ̀. Ó bá Káfíńtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi, o ti dàgbà o." Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbà pé ẹbí ìyàwó òun ni. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní igun pálọ̀, rí ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀, ó gbà pé ẹbí ọkọ òun ni. Ta ni yóò wá wo ojú àgbàlagbà, kó ní ta ni yín? Wọ́n gbé yàrá fún un. Ọkọ ń bẹ̀rù àna, ìyàwó ń bẹ̀rù àna, bàbá ń jẹ ẹran.

Lẹ́yìn àga, fíríìjì lọ. Aago ara ògiri tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá kan wá ṣe ìwádìí, ó dojú ìbéèrè kọ Káfíńtà.

"Níbo lo wà lọ́sàn-án?"

"Ibi iṣẹ́, sà."

"Ta ló rí ẹ níbẹ̀?"

Ó bi ìyàwó náà léèrè títí obìnrin náà fi sunkún. Nígbà tó kan Bàbá Àgbà, bàbá ti na ọwọ́ sí i, ó ní ṣé ara ìyá rẹ̀ ti yá. Ọlọ́pàá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀, ó rò pé ọ̀rẹ́ bàbá òun ni. Àdúrà ni bàbá fi parí ìwádìí.

Ara fu ìyàwó. Lọ́jọ́ kan ó tọ bàbá lẹ́yìn dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ó sì rí aago wọn lára ògiri níbẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní bàbá kan ló ń kó ẹrù wá, pé ó ní òun ń tú ilé òun ká. Obìnrin náà sáré délé láti sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun, ó padà. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ọkọ pé ẹbí rẹ̀ lolè? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé obìnrin tó lẹ́nu kì í pẹ́ nílé ọkọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ó sì ń dùn ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ìta wọlé, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èyí tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ tó sì fi sílẹ̀ fún un, ni wọ́n ń gbé jáde. Káfíńtà di orí kan mú. Ọlọ́pàá tó wá bá ìwádìí lọ di orí kejì mú, nítorí bàbá ló ní kó ran ọmọ òun lọ́wọ́. Bàbá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ bá a tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́. Obìnrin náà sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

"Kí lo wí?"

Ó gbé ohùn sókè. "Mo ní ta ni yín. Kí lẹ jẹ́ sí ọkọ mi?"

Ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà, ó já lé ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀. "Sí èmi kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹbí tìẹ ni?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n rí."

Àwọn méjèèjì wo ọlọ́pàá. Ó ní òun náà ò mọ̀ wọ́n rí.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ni bàbá wí. "Awakọ̀, jẹ́ ká máa lọ."

Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ó ti ń ṣe òun bíi kóun bi wọ́n láti àárọ̀.

Ni bàbá bá bẹ́ sílẹ̀. Ó ju ọ̀pá nù, ó ki eré mọ́lẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún. Ọlọ́pàá ń tiro tẹ̀ lé e. Bàbá ti gun ògiri ẹ̀yìnkùlé dé ìdajì kí obìnrin náà tó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ṣẹkẹṣẹkẹ fi wọ ọwọ́ bàbá.

"Mi ò já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí," ni bàbá jẹ́wọ́. "Mo kàn máa ń kí wọn pé ẹ kú ilé ni. Ká ní ẹ bi mí lọ́jọ́ tí mo dé, ǹ bá ní mo ṣìlé, ǹ bá sì lọ." Ó wo obìnrin náà tàánú-tàánú. "Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò kọ́ ẹ nílé."

"Wọ́n kọ́ mi, bàbá. Ìyẹn lẹ ṣe rí jẹ."

Àga padà, fíríìjì padà. Inú obìnrin náà dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Bó ṣe ń ránṣọ lọ, aládùúgbò wọn kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Ó ní màmá àgbàlagbà kan ti ń gbé ọ̀dọ̀ àwọn ó ti pẹ́, pé kò sẹ́ni tó mọ ìyá ta ni, pé rédíò àwọn sì ti wá di àwátì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ bá mi bi wọ́n."

Obìnrin náà ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹnu tèmi ni mo lò," ó ní. "Ẹ lọ lo tiyín."