Fà Á Wò Kí O Tó Bò Ó

Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì. Kò kùn mọ́, kò sì tú èéfín oògùn jáde mọ́. Màmá àgbà, tí wọ́n fi ìbòjú ẹ̀rọ náà bo nímú àti lẹ́nu, fi ọwọ́ méjèèjì di apá àga mú. Wọ́n ń wá èémí, èémí kò wá.

"Ṣé wọ́n mú iná lọ ni?" Màmá pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Kíákíá, ọmọ wọn obìnrin, gbójú sókè. Iná ò lọ. Gílóòbù ń tàn yòò, fáànù sì ń yí. Ẹ̀rọ nìkan ló kú. Ojú ọmọbìnrin náà lọ síbi wáyà. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé òun ló fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà ẹ̀rọ náà pọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Kíákíá kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Màmá àgbà, ìyá tó bí màmá rẹ̀, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Wọ́n ní ọmọ náà máa ń fọ abọ́ tán kí omi tó kan ìdí abọ́. Ẹnu Màmá àgbà kì í sinmi. Ikọ́ fée ń bá ọ̀fun wọn jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu wọn mú.

Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti gba ìsinmi ni Kíákíá ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àǹtí, àbúrò màmá rẹ̀, tó ń tún fáànù àti rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Òfin ṣọ́ọ̀bù náà kò pọ̀.

"Wáyà ni kí o mú gbóná, kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀," Àǹtí máa ń wí. "Bí wáyà bá gbóná dénú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ lẹ́ẹ̀dì, tí yóò sì gbé e mì. Bí o bá sì jó o tán, fà á wò kí o tó fi téèpù bò ó."

Fífà yìí gan-an ni Kíákíá kórìíra. Kò ní sùúrù kí wáyà gbóná. Ẹnu áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà ló fi máa ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, á wá jẹ́ kó kán tó sórí wáyà tútù. Lẹ́ẹ̀dì á dì róbótó, á máa dán. Ó wuni í wò, àmọ́ bí Àǹtí bá ti fi ìka méjì fà á báyìí, ó já nìyẹn.

"O ò tíì kí wáyà, o ti ń wọlé," Àǹtí á fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ yìí, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Jó o padà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹsẹ̀ àga Màmá àgbà gé wáyà ẹ̀rọ náà. Kíákíá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá a pé Àǹtí ti lọ ra ẹrù. Ó pè wọ́n lórí fóònù.

"Dúró dè mí," ni Àǹtí wí. "Má fọwọ́ kàn án o. Ẹ̀rọ èémí kì í ṣe rédíò."

Kíákíá jókòó. Ó wo áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù náà sì ń wò ó. Ó ń rò ó bí ẹnu yóò ṣe ya gbogbo ará ilé tí òun bá tún ẹ̀rọ náà ṣe gbé délé. Kí ló le nínú wáyà méjì? Ó ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì kán sórí wáyà kìíní, ó ṣe ìkejì bákan náà. Ó na ọwọ́ láti fà á wò, ó rántí bó ṣe máa ń já, ó sì ká ọwọ́ kò. Téèpù ló mú. Ó wé e títí ojú ibẹ̀ fi wú bí ìka tí ilẹ̀kùn há. Nígbà tó tan ẹ̀rọ náà, ó kùn dáadáa.

"Wọ́n ti tún un ṣe?" Màmá bi í nílé.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, mà."

Kò parọ́, kò sì sọ òótọ́. Màmá àgbà rò pé Àǹtí ni. "Ọwọ́ ọmọ mi yìí, ọwọ́ ire ni," wọ́n wí, inú wọn sì dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ikọ́ fée dé, tí ẹ̀rọ sì kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Màmá gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tan súwíìṣì, wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. "Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́! Yéè! Ẹ bá mi wá mọ́tò o!" Wọ́n sáré gba ẹnu ọ̀nà lọ.

Bí Kíákíá bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀rọ kò lẹ́nu. Ó wo Màmá àgbà. Ẹnu tí kì í sinmi ti dákẹ́ pátápátá, ètè wọn sì ti ń dúdú. Ẹ̀rù tí kò bà á rí láyé ló bà á.

"Màmá! Ẹ̀rọ ò bàjẹ́! Wáyà ni! Èmi ni mo jó o, kì í ṣe Àǹtí! Mi ò fà á wò!"

Màmá dúró gbagidi.

Kíákíá yọ wáyà kúrò nínú iná, ó tú téèpù. Háà! Kò tilẹ̀ fà á tí wáyà fi jáde fúnra rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì róbótó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga, ó ṣì ń dán. Wáyà tó bò mọ́lẹ̀ mọ́ tónítóní, bí ẹni pé lẹ́ẹ̀dì kò kàn án rí. Ọmọ náà lọ́ wáyà mọ́ra wọn ní méjì méjì. Ó fà á wò. Ó tún fà á. Ó wé téèpù, ó sì tan iná.

Ẹ̀rọ kùn. Díẹ̀díẹ̀, àyà Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Síbẹ̀, mọ́tò aládùúgbò gbé wọn dé ilé-ìwòsàn fún àyẹ̀wò. "Ẹ dúpẹ́," ni dókítà wí. "Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Nígbà tí Àǹtí dé, Kíákíá ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Àǹtí kò gbá a. Wọ́n kàn jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Mo ní kí o dúró dè mí."

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ìyá mi ni," Àǹtí wí. "Ìyá tó bí mi lọ́mọ lo fi kọ́ṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kíákíá ju ẹgba lọ. Ó bú sẹ́kún.

Ó pẹ́ kí Àǹtí tó jẹ́ kó tún di áyọ́ọ̀nù mú. Ṣọ́ọ̀bù ló ń gbá, ó sì ń bó ara wáyà. Nígbà tí wọ́n gbà fún un, àjákù wáyà ni wọ́n kó fún un, kò sì kánjú mọ́. Ó ń di áyọ́ọ̀nù mọ́ wáyà títí wáyà á fi gbóná dénú, tí lẹ́ẹ̀dì á ṣàn wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó pariwo "Háà!" nítorí pé kò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Àǹtí wá ra wáyà tuntun fún ẹ̀rọ èémí náà. "Ìwọ ni kí o jó o," wọ́n wí.

Màmá àgbà fúnra wọn wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Kíákíá jó o tán, ó fà á wò, ó sì na téèpù. Kò tíì wé e tó fi dá ọwọ́ dúró. Ó gbé wáyà náà fún ìyá àgbà.

"Màmá àgbà, ẹ bá mi fà á wò."

Màmá àgbà fà á. Wọ́n fẹsẹ̀ ti tábìlì, wọ́n fà á títí gèlè wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Kò já. Ẹnu yà wọ́n.

"Kíákíá, ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, mà."

Àǹtí wò ó. "O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí," wọ́n wí. "Iṣẹ́ tí a bá bò láìdán an wò, ẹlòmíràn ni yóò bá wa dán an wò, ó sì lè jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi dán an."

"Ẹ jẹ́ n tún fà á," ni Màmá àgbà wí.

Wọ́n tún fà á. Kíákíá dúró, téèpù lọ́wọ́, títí wọ́n fi ní kó bò ó.