Kí Ìpè Má Baà Tán

Ó dúró lẹ́nu géètì, ó gbé ọmọ sápá, fóònù wà létí ẹ̀. Télọ̀ ni ọkùnrin náà. Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ ń wò ó látojú fèrèsé òkè, òun ò sì mọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń bá ìdílé àwọn ọmọ tí nǹkan le fún wá ìrànlọ́wọ́?" Télọ̀ ló ń bèèrè. "Ọmọ àbúrò mi ni. Àbúrò mi ò sí mọ́. Ọmọ ò lè rìn. Ṣùgbọ́n... wọ́n ní ẹ máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni."

"Ẹ gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń juwọ́ sí yín yẹn?"

Ó wòkè. Obìnrin eléjì kan, tí àlàfo wà láàárín eyín iwájú ẹ̀, ń rẹ́rìn-ín sí i. Àyà ẹ̀ já. Bóyá ẹ̀rù ni, bóyá nǹkan mìíràn ni, kò lè sọ.

"Ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ la máa ń wá. Ẹ wọlé, oòrùn ń pa ọmọ."

Eléjì pe ibí, ó pe ọ̀hún, títí ó fi rí àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọdé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá gba ìpè ni yóò máa pe ìdílé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí nǹkan á fi gún. Tó bá ti gún, ìpè tán nìyẹn.

Ohun tó kó bá télọ̀ nìyẹn. Ọmọ ti ń di ògiri mú rìn. Ó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin yìí ti di ará ilé ẹ̀.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Kò tíì... kò tíì sí ìyàtọ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ di bàbá ọmọ ńkọ́?"

"Kò sí ìyàtọ̀ lára èmi náà."

"Ẹ máa jẹun o, kí n má lọ wá olùtọ́jú fún ẹ̀yin náà!"

Ọ̀gá wọn, ìyá àgbàlagbà kan, gbọ́ pé ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́. Ó ní àfi bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọ náà nílé. Kí wọ́n lọ wò ó. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé e síbòmíràn. Eléjì pe télọ̀, ó sọ ohun tí ọ̀gá wí fún un. Kò ṣeré rárá lọ́jọ́ náà.

Télọ̀ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó gbé ọmọ, ó sáré. Iwájú ọ̀gá ló gbé e sọ̀ sí. Ọmọ di tábìlì mú, ó rìn yí i ká, ó ń rẹ́rìn-ín kèé.

"Mo parọ́, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọmọ mi. Ìpè ni mi ò fẹ́ kó tán."

Ọ̀gá wo ọmọ. Ó wo òṣìṣẹ́ ẹ̀ tó ti fọwọ́ bojú.

"Òfin wa ò gbà kí òṣìṣẹ́ máa fẹ́ ẹni tó ń ràn lọ́wọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti parí lọ́dọ̀ wa lónìí. Èyí tó kù, ẹ gbé e jáde fún mi."

Níta, ojú Eléjì le. "Wọn ì bá gbà á lọ́wọ́ yín! Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ẹ forí jì mí." Ó ń wolẹ̀. "Gbogbo ènìyàn ló bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí pé ọmọ ńkọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú ẹ̀. Tí ẹ bá lè... ká jọ tọ́ ọ."

Eléjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú ọwọ́ ọmọ mú.

"Ẹ di ìkejì mú," ó ní. "Kí ẹ sì máa sọ òótọ́ fún mi, olówó orí mi."